Irun Yín Ń Já, Ta Lẹ Fẹ́ Dá Lẹ́bi?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kú dédé ìwòyí o. Nígbà tá a ní kí ẹ bi wá ní ìbéèrè lórí irun, a rò pé lẹ́tà mélòó kan ló máa wọlé ni, àṣé ọ̀rọ̀ irun ń dun gbogbo Abẹ́òkúta. Láti Ọbáńtokò títí dé Lafẹ́ńwá ni wọ́n ti kọ̀wé, tọkùnrin tobìnrin, ká má tíì sọ ti WhatsApp. Ohun kan tí mo rí nínú wọn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèyàn ló ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́bi, onídìrí ni, ìyá ọkọ ni, fìlà ni, ayé ni, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló sọ ibi tí irun ti ń já lórí gan-an àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí dókítà awọ ara máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn kó tó dárúkọ oògùn kankan. Mo mú díẹ̀ nínú lẹ́tà yín, àwọn tó gùn mo gé wọn kúrú.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Ọbáńtokò ni mò ń gbé. Iwájú irun mi ti ń sá sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì náà ti ń ṣófo. Màmá mi ní ọwọ́ onídìrí mi ò dáa, pé kí n lọ wá ẹni tó lọ́wọ́ irun. Onídìrí náà ní rárá o, pé iwájú orí mi ló tóbi látilẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Frontal, irun àtọwọ́dá iwájú orí yẹn, ni mo fi ń bò ó báyìí, gúlúù ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, màmá ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́, kì í kàn ṣe irú ọwọ́ tí wọ́n ń rò ni. Ọwọ́ tó ń fa irun ju bó ṣe yẹ lọ lọwọ́ tí ò dáa. Àwọn onídìrí tí wọ́n ń sọ pé wọ́n lọ́wọ́ irun, pé tí wọ́n bá ti dì í fún èèyàn irun á máa hù, tó o bá wò wọ́n dáadáa wàá rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ọwọ́ wọn rọ̀ ni, wọn kì í fà á le, wọn kì í mú irun wẹ́wẹ́ iwájú yẹn mọ́ ọn tipátipá. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe tìẹ yìí ni traction alopecia, ìyẹn ni pé fífà ló lé irun lọ.

Ẹ̀yin obìnrin mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n dì í tán ní Pànsékè lọ́jọ́ Friday torí òde ọjọ́ Saturday, o délé o ò lè rẹ́rìn-ín dáadáa, ìpéǹpéjú ti fà sókè, Panadol méjì lo máa mu kó o tó lè fi orí lé pílò, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ kókó wẹ́wẹ́ tó lẹ́nu funfun ti yọ sí ìlà iwájú. Onídìrí á ní fara dà á, tó bá di ọjọ́ kẹta á rọ̀. Kì í ṣe pé ó rọ̀ o, gbòǹgbò irun ló ti gbà fún un.

Bó o ṣe máa dá a mọ̀ nìyí. Lọ dúró síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, wo iwájú orí ẹ. Tó o bá rí irun wẹ́wẹ́ tín-ín-rín kan tó ṣì tò sí ìlà ibi tí irun ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀yìn wọn wá ṣófo kó tó kan irun gidi, fífà ni. Wọ́n kúrú jù fún onídìrí láti mú mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣẹ́kù. Tó bá tún ní iwájú orí ẹ ló tóbi, mú fọ́tò ìgbà tó o jáde sẹ́kọ́ńdìrì fi hàn án.

Bóyá ó máa padà tàbí kò ní padà, bí ìgbà téèyàn ń já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni: ẹni tó já orí ẹ̀ á tún rí òmíì já lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ti parí ẹ̀ nìyẹn. Tí fífà yẹn bá ti ń lọ láti ọdún mọ́dún, àpá á bo ihò irun, ibẹ̀ á máa dán, kò sì sí òróró tó máa hu irun níbẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ òróró lárà, ì báà jẹ́ kànáfùrù tí wọ́n ń sè lórí TikTok. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé o ṣì ń rí irun wẹ́wẹ́ níbẹ̀, tètè jáwọ́, ó ṣì lè padà, á kàn gba oṣù ni.

Frontal tó o fi ń bò ó yẹn gan-an ló ń parí iṣẹ́, torí tó o bá ń ṣí gúlúù á ṣí tòun ti irun tó ṣẹ́kù. Tó o bá fẹ́ wọ wíìgì, wọ èyí tí wọn ò fi gúlúù lẹ̀, kó má fún ẹ lórí, kó o sì bọ́ ọ tó o bá délé. Tó o bá tún jókòó síwájú onídìrí, ní kó fi irun iwájú sílẹ̀, tó bá sì ń dùn ẹ́ sọ̀rọ̀! Irun tó ń dunni ti le jù, kó tú u kó dì í padà, ṣebí owó ẹ ni. Wífọ́ọ̀nù àti irun dídì, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ti tó, èyí tí wọ́n fi atáṣímẹ́ǹtì ṣe gígùn kó má kọjá oṣù 2 sí 3, orí sì gbọ́dọ̀ sinmi kó tó di òmíì. Rìlásà àti dídì lọ́jọ́ kan náà, má ṣe é rárá, irun tí rìlásà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ò lágbára, fi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì sí àárín wọn.

Àwọn kan á ní ṣé àwọn ìyá wa ò dirun ni. Wọ́n dì í, wọ́n dì ṣùkú, wọ́n dì kòlẹ́ṣẹ̀, wọ́n dì ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n fi òwú kó o, àmọ́ irun orí wọn nìkan ni, kò sí ẹrù atáṣímẹ́ǹtì tó so mọ́ ọn, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi tú u. Kí n má purọ́ ṣá, èyí tó bá le jù nígbà tiwọn náà ń fa irun iwájú tu, ẹ wo orí àwọn ìyá àgbà kan lábẹ́ gèlè.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, mo ti lé ní ọdún 45. Àárín orí mi ló ti ń fẹ́lẹ́, ó ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ó máa ń yún mi, ó tún máa ń ta mí. Wọ́n ní ẹrù tí mo rù lọ́mọdé ló fà á. Gèlè ni mo fi ń bò ó, àwọn ọmọ mi gan-an ò mọ̀. Nínú òrí àti àdín, èwo ni kí n máa fi pa á?

Ìdáhùn: Màmá wa, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ ná. Òrí àti àdín ń jẹ́ kí irun rọ̀ kó má tètè ṣẹ́, ìyẹn dáa, àmọ́ kò sí èyí tó ń wọlé lọ jí gbòǹgbò irun nínú wọn. Ẹrù kọ́ náà ni. Ẹrù tí ẹ ti sọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò lè máa fẹ irun yín lónìí.

Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní CCCA. Àárín orí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa fẹ̀ bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ló sì wọ́pọ̀ sí jù lọ. Ní ọdún 2019 àwọn onímọ̀ rí i pé nínú àwọn obìnrin kan tó ní i, àyípadà wà lára jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, kan tó ń jẹ́ PADI3, jíìnì yẹn wà lára àwọn tó ń tún irun ṣe kó tó jáde. Ìyẹn ni pé ó lè ti inú ẹbí wá. Bí rìlásà àti fífà ṣe dá kún un tó, wọ́n ṣì ń jiyàn lé ìyẹn lórí.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ jókòó ti òrí ni pé èyí kì í dúró de èèyàn. Nǹkan ń wú lábẹ́ awọ níbẹ̀, yíyún àti títa yẹn ni àmì ẹ̀, tó bá sì ti di àpá tán, ó ti tán náà nìyẹn. Dókítà lè fún yín ní ìpara tàbí abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, sínú awọ orí, wọ́n lè fi oògùn bíi doxycycline kún un, wọ́n sì lè gé bíńtín nínú awọ lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀, torí kí èyí tó kù má bàa lọ ni. Ẹ lọ sí FMC ní Ìdí-Àbà tàbí General ní Ìjàyè, ẹ gba káàdì, ẹ ní dókítà awọ ara lẹ fẹ́ rí, tí kò bá sí níbẹ̀ ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ síbi tó wà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ ṣí gèlè yẹn fún àwọn ọmọ yín obìnrin, torí tó bá jẹ́ ti ẹbí ni, ó yẹ káwọn náà ti máa wo àárín orí tiwọn.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Òkè-Mọ́sàn, ọmọ ọdún 33. Irun ń lọ ní igun iwájú méjèèjì, òkè orí náà ti ń hàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní owó ló ń bọ̀. Ìyàwó mi ní fìlà ló fà á. Bàbá mi ò párí, ibo ni mo ti wá rí i? Ṣé òótọ́ sì ni minoxidil tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Bọ̀dá, tó bá jẹ́ pé owó ló ń lé irun lọ, ọ̀pọ̀ apárí tó ń gun ọ̀kadà ní Kútọ̀ ì bá ti kọ́lé sí Ìbarà GRA. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín pé kí wọ́n fi fìlà sílẹ̀, ì báà ṣe gọ̀bì ì báà ṣe abetí-ajá, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, torí kì í ṣe òkè ni gbòǹgbò irun ti ń mí, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ lọ bá a lábẹ́ awọ.

Nínú ara ọkùnrin, testosterone, ìyẹn họ́mónù ọkùnrin, ló ń yí padà di ohun kan tí wọ́n ń pè ní DHT. Ẹni tí ihò irun ẹ̀ ò bá DHT rẹ́, irun á máa tín-ín-rín, á máa kúrú, títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Kì í ṣe pé testosterone apárí pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, kí wọ́n má fi ìyẹn tàn yín. Irun ìpàkọ́ àti ti ẹ̀gbẹ́ etí kì í ka DHT sí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣẹ́kù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń mú irun tí wọ́n ń lọ́ sí iwájú fún àwọn olówó.

Ti bàbá yín tí kò párí, ẹ lọ wo bàbá màmá yín. Jíìnì kan tó lágbára nínú ọ̀rọ̀ yìí wà lórí kúrómósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tó ń gbé jíìnì, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ọkùnrin ti ń gba X. Àmọ́ kò tán síbẹ̀, jíìnì tó ń dá sí i pọ̀, àwọn kan ń wá láti ìdí bàbá náà.

Minoxidil, òótọ́ ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, ìgbà tí wọ́n rí i pé irun ń hù lára àwọn tó ń lò ó ni wọ́n sọ ọ́ di omi tí wọ́n ń fi pa orí, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1988. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn, ó sì máa ń tó oṣù 4 sí 6 kéèyàn tó rí nǹkan gidi, ní ìbẹ̀rẹ̀ irun tiẹ̀ lè máa já sí i, ẹ má jáyà. Ibi tó ti le ni pé tí ẹ bá ti jáwọ́, èyí tó hù á tún lọ, nítorí náà ẹ ka owó ẹ̀ pọ̀ mọ́ owó iná. Finasteride tún wà, oníhóró, 1997 ni tiẹ̀ jáde fún irun, ó ń dín DHT kù. Ẹ má rà á láìbá dókítà sọ̀rọ̀ o. Àwọn kan ń sọ pé ara àwọn ò yá mọ́ lórí ibùsùn nígbà tí wọ́n ń lò ó, aláboyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan hóró ẹ̀ tó bá fọ́ torí ọmọkùnrin tó lè wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá sì fẹ́ yẹ prostate yín wò lọ́jọ́ iwájú ẹ sọ pé ẹ̀ ń lò ó, torí ó lè mú PSA, ìyẹn ohun tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi yẹ prostate wò, wálẹ̀ tó ìdajì, kí wọ́n má lọ rò pé ara yín le. Kẹ́míìsì tó ní fámásìsì ni kí ẹ ti rà á, ẹ wo nọ́ḿbà NAFDAC. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá sú yín, ẹ fá a kanlẹ̀, kí ẹ̀yin náà bọ́ sí ipò ẹni tó ń fojú di abẹ.

Ìbéèrè: Mo bímọ, ọmọ ti pé oṣù mẹ́rin. Tí mo bá fọrun, á dí ihò omi bálùwẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ọmú tí mò ń fún ọmọ ló ń fà á, pé kí n já a lẹ́nu ọmú. Mo ti ń bẹ̀rù. Àsẹ̀rọ̀ ni mò ń gbé.

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ má já a lẹ́nu ọmú o, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún màmá pé ọmọ ò jẹ irun.

Irun orí wa kì í hù pa pọ̀. Nínú nǹkan bí 100,000 tó wà lórí, ìdá 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń wà lẹ́nu híhù, ìyókù ń sinmi kó lè já. Nígbà oyún, èyí tó yẹ kó já ò já, ṣe bí ẹ rántí pé orí yín kún nígbà yẹn táwọn èèyàn ń yìn ín. Tẹ́ ẹ bá ti bímọ tán, họ́mónù wálẹ̀, gbogbo wọn á jọ lọ sinmi, oṣù 2 sí 3 lẹ́yìn náà wọ́n á jọ já. Á padà. Fún ọ̀pọ̀ ìyá, kí ọmọ tó pé ọdún kan orí ti kún.

Kì í ṣe ìbímọ nìkan ló ń ṣe báyìí, ibà líle, taifọ́ọ̀dù, iṣẹ́ abẹ, ọ̀fọ̀ ńlá, gbogbo ẹ̀ náà ni. Ẹni tí ibà ṣe ní January, tí irun ẹ̀ wá ń já ní April, kò ní rántí ibà, onídìrí tó dì í ní March ló máa bú. Tí tiyín bá kọjá ọdún kan, tàbí tó ń rẹ̀ yín ṣáá tí ojú sì ń ṣókùnkùn, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá iron kéré, kí wọ́n wo thyroid, ẹ̀yà ara tó wà lọ́rùn, náà. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́. Ẹ fi fítámì olówó gọbọi sílẹ̀ títí àyẹ̀wò fi máa jáde.

Ìbéèrè: Mo jí lọ́jọ́ kan ní Sàpọ́n ńbí, ojú ibì kan lórí mi ti pá rogodo, ó ń dán, kò dùn mí kò yún mi. Wọ́n ní wọ́n fá mi lórí lójú oorun ni, wòlíì kan ti dá iye owó.

Ìdáhùn: A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àbúrò, kò sẹ́ni tó wọlé wá fá ẹ. Má tíì san owó yẹn. Alopecia areata ni wọ́n ń pe èyí tó bá pá rogodo tí awọ ẹ̀ ò sì ní èépá tàbí egbò. Àwọn ọmọ ogun inú ara ẹ ló ṣìnà tí wọ́n ń bá gbòǹgbò irun jà. Kò ràn, kò sì pa ihò irun, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá jẹ́ ojú kan tàbí méjì, ọ̀pọ̀ ló ń hù padà fúnra ẹ̀ láàárín ọdún kan, wọ́n sì lè fi abẹ́rẹ́ steroid ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn náà tí àwọn wòlíì fi ń gba ìyìn: ó ti ń hù bọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá gbalẹ̀ gbogbo orí ni wàhálà, fún irú ìyẹn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn baricitinib ní 2022, àmọ́ ó wọ́n, ojú dókítà sì gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó ń lò ó. Ọdún yẹn náà ni Will Smith, òṣèré Amẹ́ríkà, gbá èèyàn létí lórí ìtàgé ẹ̀bùn fíìmù Oscar torí pé ẹni náà fi orí ìyàwó Smith tó ní alopecia ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ò rí i pé kì í ṣe Sàpọ́n nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè: Làpálàpá wà lórí ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà, irun ibẹ̀ ń ṣẹ́, ó ní èépá funfun. Kẹrosíìnì ni ìyá mi ń fi pa á. Lafẹ́ńwá.

Ìdáhùn: Ẹ gba kẹrosíìnì lọ́wọ́ màmá kíá, ó máa bó ọmọ lórí. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni làpálàpá, inú gbòǹgbò irun ló sá sí, ìpara nìkan ò dé ibẹ̀, oògùn mímu ló ń pa á. Griseofulvin wà, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ó kéré tán, ó sì fẹ́ kí ọmọ jẹ oúnjẹ tó lóróró pẹ̀lú ẹ̀, terbinafine náà wà, bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n á fi díwọ̀n ẹ̀. Ṣàmpú ketoconazole fún gbogbo ọmọ ilé, kóòmù àti fìlà kó má wọ́pọ̀ mọ́, kílípà tiyín ni kí ẹ máa gbé lọ bá onígbàjámọ̀. Tí ibẹ̀ bá wú tó ń sọyún, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó béèrè ní gbólóhùn kan: tẹ́ ẹ bá fa ewú kan tu, méjì ò ní hù dípò ẹ̀, ihò kan irun kan, àmọ́ ẹ̀ ń ba ihò yẹn jẹ́. Fífá orí ọmọ ò jẹ́ kí irun ẹ̀ ki, ẹnu irun tí abẹ gé ló le lọ́wọ́. Gígé ẹnu irun ò mú un yára hù, ìsàlẹ̀ ló ti ń hù, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, ó kàn ń jẹ́ kó má ya ni. Òkìtì irun tí ẹ rí nígbà tí ẹ tú irun ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má pariwo, 50 sí 100 ló ń já lójúmọ́ lórí ẹnikẹ́ni, ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní 2,000 tí kò rọ́nà jáde. Ẹyẹ tó kó irun yín lọ kọ́ ìtẹ́, ẹ jẹ́ kó kọ́lé ẹ̀, irun tó ti já ti kú. Ẹni tó ní dàda ńkọ́? Irun tó lọ́ tí wọn ò yà, á so mọ́ra ni, bó ṣe ń di dàda nìyẹn, gígé ẹ̀ ò ní kó àìsàn bá ọmọ, àmọ́ ẹbí ló máa jókòó sọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ gé e, mi ò bá wọn dá sí i.

Ọkùnrin mẹ́ta ló sì béèrè kókó líle tó ń yọ lẹ́yìn ọrùn lẹ́yìn tí wọ́n bá gẹrun, tí wọ́n ní sípíríìtì onígbàjámọ̀ ò jó dáadáa. Sípíríìtì kọ́. Irun wa tó lọ́ ló ń gún awọ padà nígbà tí wọ́n bá gé e rẹ́gí, awọ á wú, tó bá pẹ́ á di kókó tí irun ò ní hù níbẹ̀ mọ́. Ẹ ní kó má fi bíléèdì lá ìlà sí ìpàkọ́ yín, kó fi irun díẹ̀ sílẹ̀, ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó le kó má máa ha ibẹ̀. Èyí tó bá ti tó ẹ̀pà, dókítà ni kó rí i, ẹ má jẹ́ kí onígbàjámọ̀ gé e.